Ọjà Tí A Kì Í Wò Kí A Tó San Owó

Àbíkẹ́yìn mi,

Mo kí ẹ bí a ṣe ń kí ẹni tí a ń fojú sọ́nà fún. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ kì í fi ìyà jẹ ẹ́? Ẹni tó ń ṣọ́ wa níbí kó máa ṣọ́ ẹ lọ́hùn-ún, kó má sì sùn lọ. Ikọ́ bàbá ẹ ti ń lọ, àmọ́ ó tún máa ń padà dé nígbàkigbà tí mo bá ní kó bá mi gbé ohun tó wúwo. Ẹ̀gbọ́n ẹ obìnrin ti kó padà sílé ọkọ, ó ní títí ayé lòun máa wà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kẹta tó ń sọ bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Mo rí káàdì ẹ̀bùn tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. O ní ibi iṣẹ́ yín ni wọ́n ti fún ẹ, o ní kí n fi ra ohun tó bá wù mí. O ṣeun, ọwọ́ ẹ ò ní gbẹ. Mo tẹ ibi tí o ní kí n tẹ̀, ilé ìtajà tí a ti lè ná an sì ṣí, àmọ́ ohun èlò ìlúwẹ̀ẹ́ nìkan ni wọ́n ń tà. Bàtà tó dà bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ wà níbẹ̀. Aṣọ kan tún wà tí kò gbà ju ìdajì ọ̀pá lọ, kò ní apá, kò ní ẹ̀yìn, owó rẹ̀ sì tó owó kóòtù pẹ̀lú ṣòkòtò rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń ránṣọ, mi ò mọ̀ pé ibi tí a gé dànù ló yẹ kí n máa gbowó lé lórí. Bàbá ẹ ní kí n ra ọ̀kan. Mo ní kó lọ mu oògùn ikọ́ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mọ́tò máṣíìnì mi jó. Ẹni tó ń tún un ṣe ní àfi kí n mú owó mọ́tò tuntun wá, bẹ́ẹ̀ ogójì aṣọ ilé ìwé ló wà nílẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé ní bí òun ò bá rí ogún níbẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, òun á kó iṣẹ́ náà fún aránṣọ tó wà lẹ́yìn ilé ìwé. O mọ aránṣọ yẹn. Kọ́là aṣọ rẹ̀ kì í jókòó lọ́rùn. Ni mo bá ní kí n ta káàdì náà.

Obìnrin tó ń bá wa ṣáàjì fóònù ní ìkòríta, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Oníṣáàjì, ló bá mi gbé e sójú ìwé tí wọ́n ti ń ra tí wọ́n ti ń tà lórí ẹ̀rọ ayélujára. Mo ní kó kọ nọ́ńbà káàdì náà síbẹ̀ gàdàgbà, torí ẹni tó bá ń pàtẹ kì í fi ọjà pamọ́. Ó pariwo mọ́ mi. Ó ní ṣé mo fẹ́ pín in fún gbogbo ayé ni, pé ẹni tó bá ti rí nọ́ńbà yẹn lè ná an tán kí n tó ṣẹ́jú. Ọ̀rọ̀ náà rú mi lójú. Gbogbo ohun tí mo ti tà láyé mi, bí èèyàn bá wò ó nígbà ọgọ́rùn-ún, kò dín. Irú ọjà wo ló ń tán bí wọ́n bá ti wò ó? Mo ka ìwé púpọ̀ kí ojú mi tó di bàìbàì, mi ò pàdé rẹ̀ níbì kankan. Àmọ́ mo gba tirẹ̀. Mo ń da aṣọ bo ojú fóònù, mi ò sì jẹ́ kí iná tán nínú rẹ̀, kí káàdì náà má bàa kú síbẹ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ wá jẹ́ ọkùnrin kan tó wọ kóòtù nínú àwòrán rẹ̀. Mọ́mì ló ń pè mí. Àdúrà tó gbà fún mi lọ́jọ́ kan ṣoṣo ju èyí tí o gbà látọdún lọ. Ó wá ní kí n fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ kí òun dán an wò, bó bá ṣiṣẹ́, òun á sanwó. Mo rò ó, kò burú lójú mi. Ta ni kì í wọ aṣọ wò kó tó san owó aránṣọ? Mo ti ń wá awò ojú mi kí n tó rántí ìyàwó oníbúrẹ́dì, tó ní òun fẹ́ lọ wọ búláòsì òun wò nílé, tó wọ̀ ọ́ lọ síbi ìgbéyàwó, tó dá a padà lọ́jọ́ Ajé pé ó fún òun lápá, tí lọ́fínńdà rẹ̀ ṣì ń ta lára rẹ̀. Mo sọ fún ọkùnrin náà pé bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ mi la máa ṣe é: kí n rí owó ná, kí n tó já òwú.

Kò pẹ́, àláàtì wọlé pé ó ti san án. Ìyá Oníṣáàjì wò ó, ó ní nọ́ńbà èèyàn lásán ló ti wá, kì í ṣe báńkì, pé kò sí nǹkan kan nínú àkáǹtì mi. Mo ní bóyá ó ṣì ń bọ̀ lọ́nà, torí òjò ti ba ọ̀nà wa jẹ́. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi dúró dè é. Mo ń bẹ ọkùnrin náà pé kó ní sùúrù, owó rẹ̀ ò tíì dé. Ó bínú, ó ní olè ni mí, òun á fi ọlọ́pàá mú mi. Mo ní ó dáa, kí wọ́n máa bọ̀, kóun náà tẹ̀lé wọn, kó sì mú owó náà dání, torí ọ̀nà tó ń gbé e gbà kò dára. Ni àwòrán rẹ̀ bá pòórá. Mo rò pé nǹkan ti ṣe ọmọ ọlọ́mọ ni, mo kúnlẹ̀ gbàdúrà fún un, àfìgbà tí Ìyá Oníṣáàjì ṣàlàyé pé ńṣe ló tilẹ̀kùn mọ́ mi lórí fóònù. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ẹnì kejì jẹ́ obìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìlúwẹ̀ẹ́. Òun ò gbàdúrà kankan fún mi, ó kàn ná iye tí mo pè é wálẹ̀. Mo ní inú báńkì la ti máa pàdé. Ó ní ó dára bẹ́ẹ̀, pé wọ́n ti lu òun ní jìbìtì rí. Ó mú ọkọ rẹ̀ dání, èmi mú bàbá ẹ. Àwọn ọkùnrin méjèèjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, wọ́n ń wo ara wọn bí ẹni tó fẹ́ jà, títí bàbá ẹ fi wúkọ́ tí èkejì sì fún un lómi.

Obìnrin náà tẹ fóònù rẹ̀, ó ní òun ti sanwó. Àláàtì wọlé, mi ò tiẹ̀ wò ó. Mo lọ bá akọ̀wé tó jókòó lẹ́yìn gíláàsì pé kó bá mi wo àkáǹtì mi. Ó wò ó, ó ní owó ti wà níbẹ̀. Mo yọ abẹ́rẹ́, mo tú ìṣẹ́tí búláòsì mi lójú gbogbo wọn, torí ibẹ̀ ni mo rán bébà tí mo kọ nọ́ńbà sí mọ́. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní kí ni mò ń ṣe yẹn. Mo ní ọjà ni mò ń kó sílẹ̀. Obìnrin náà tẹ nọ́ńbà, ilé ìtajà gbà á, ó mí kanlẹ̀.

Nígbà tí à ń padà bọ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi léèrè. Mi ò fojú rí owó nígbà àkọ́kọ́, mi ò sì fojú rí i nígbà kejì. Kí ló dé tí mo gba akọ̀wé gbọ́, tí mi ò gba ẹni tó ń ṣàdúrà fún mi gbọ́? Bàbá ẹ ní torí pé báńkì ni. Mi ò rò pé ìyẹn tó. Mo rò pé torí mo mọ ibi tí àga akọ̀wé wà ni; bó bá parọ́ fún mi lónìí, ibẹ̀ ni màá bá a lọ́la. Síbẹ̀, kò dá mi lójú tán.

Mọ́tò tuntun ti wọlé, máṣíìnì ń sáré. Àmọ́ ọjọ́ méjì tí mo fi dúró de owó ojú ọ̀nà ti lọ. Aṣọ mẹ́rìndínlógún ni mo kó lọ lọ́jọ́ Ẹtì. Ọ̀gá ilé ìwé kà wọ́n, ó yẹ kọ́là wọn wò, ó ní kí n máa bá iṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ó kó mẹ́wàá fún ará ẹ̀yìn ilé ìwé. Mi ò jiyàn. Èyí tó kù ò gbọdọ̀ pẹ́, bẹ́ẹ̀ bọ́tìnnì ti tán, òwú funfun sì kù díẹ̀. Jọ̀ọ́, fi owó ránṣẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, owó lásán, má fi káàdì kankan kún un.

Kí ẹni tó bá fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ má mọ orúkọ tí ọkàn ẹ máa ń rọ̀ sí. Kí owó tí wọ́n bá ní ó ń bọ̀ wá bá ẹ dé ọ̀dọ̀ ẹ ní tòótọ́.

Mo ka lẹ́tà yìí padà, mo sì rí i pé èmi náà kọ́kọ́ gbàdúrà kí n tó béèrè owó. Bó bá ń ṣe ẹ́ bíi pé kì í ṣe èmi ni mo kọ ọ́, o mọ ibi tí àga mi wà. Wá wò ó kí o tó san.

Èmi ni,
Ìyá ẹ.