Fóònù Tí Kò Gbé Òórùn Tíì

Mwanaidi ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kí ó máa bá ọ gbé ní Náíróbì, kí òtútù ibẹ̀ má wọ̀ ọ́ léegun. Gbogbo wa ní Siyu wà láàyè, ewúrẹ́ bí ìbejì, orúnkún bàbá rẹ ṣì ń dùn ún, ó tó bẹ́ẹ̀. Níbi ẹ̀kọ́ òwò tí wọ́n kọ́ àwa obìnrin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, wọ́n ní tí nǹkan bá bàjẹ́, kí èèyàn kọ́kọ́ sọ ohun tó bàjẹ́ àti ẹni tó mọ̀ sí i. Ohun tó bàjẹ́ rèé: fóònù kì í gbé òórùn. Bàbá rẹ mọ̀. Bwanaheri tó ń ta dátà létí èbúté mọ̀. Ìwọ náà mọ̀. Èmi nìkan ni n kò mọ̀.

Láti ìgbà ààwẹ̀, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí a bá ti rí ara wa nínú fóònù, mo ń gbé ife tíì rẹ sún mọ́ ọn, mo ń fẹ́ ooru rẹ̀ sí i, ìwọ náà á dijú, wàá ní háà, Màmá, òórùn iliki inú tíì yẹn mà ti dé ibí o! Inú mi á dùn. Nígbà tí àwòrán rẹ wá ń dá dúró, mo ní òórùn ọ̀hún ló há sọ́nà, ni mo bá lọ ní kí Bwanaheri fún mi ní dátà tó nípọn, èyí tó ń gbé òórùn. Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Ó ní Ìyá Mwanaidi, èyí tó ń gbé mahamri díndín ńkọ́, ṣé kí òun fi kún un? Mo ní tó bá wà, kí ó fún mi ní méjì.

Ilé ni bàbá rẹ ti là mí lóye. Mo bínú gan-an. Ó ní kí n má bá ọ wí, pé o pe òun ní kọ̀rọ̀, pé o se tíì náà fúnra rẹ, wàrà dì, o dà á nù, o sì ń sunkún pé o ti ń gbàgbé bó ṣe ń ta sánsán nílé. Ìyẹn dùn mí ju irọ́ lọ.

Gbọ́. Atalẹ̀ tútù ló mú wàrà rẹ dì. Gún un, fi omi sè é dáadáa pẹ̀lú iliki àti kànáfùrù, da ewé tíì sí i, kí wàrà tó wọlé. Jẹ́ kí ó ru sókè, gbé e kúrò, jẹ́ kí ó tún ru, má sì lọ dá fóònù lóhùn. Ṣùgbọ́n ibi tí òórùn ti ń yí padà, téèyàn á fi mọ̀ pé ó ti jinná, n kò lè kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Imú ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, imú rẹ kò sì sí níbí.

Mo ṣì ń bu ife rẹ sílẹ̀. Á tutù, awọ á bò ó lójú, bàbá rẹ á wá gbé e mu, á ní òun kò fẹ́ kí ó ṣòfò.

Nítorí náà, owó tí o fẹ́ fi ránṣẹ́ sí mi lóṣù yìí, má fi ránṣẹ́. Fi wọ bọ́ọ̀sì, kí o fi ìyókù wọ ọkọ̀ ojú omi. Tí ọ̀gá rẹ bá ní kò sí àyè, fi lẹ́tà yìí hàn án, mo ti buwọ́ lù ú. Ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, bí a bá ti kírun Alaasari tán, n ó gbé ìkòkò kaná, wàrà tó bá sì ti ru kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ lọ́nà, lórí ilẹ̀ àti lórí omi.

Gbé imú rẹ wá.

Ìyá rẹ ni.