Omi Ti Gba Ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Mi

Ẹ̀gbọ́n wa olóòtú ètò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má wá orúkọ mi.

Iṣẹ́ aránṣọ ni mo ń kọ́. Láti òjò èṣí ni omi ti gba ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi, kò sì tíì fà. Ọ̀gá ní àdéhùn wa ò tíì tán, kí n máa wá fọ abọ́ nílé àwọn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé abọ́ la fẹ́ rán ni?"

Ó sú mi! Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi, àmọ́ àdéhùn yẹn ti bómi lọ. Màmá mi tó mú mi wọṣẹ́ ló yẹ kí wọ́n gbà mí jáde, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ wọn ni ọ̀gá, ojú ń tì wọ́n.

Lọ́la, màá lọ kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá, màá sì dágbére. Màmá ń gbọ́ ètò yín. Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tẹ̀lé mi.