Bíbélì, Kùránì àti Irin Lórí Tábìlì Kan

Èyítáyọ̀ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà lọ́hùn-ún? Iṣẹ́ báńkì ńkọ́? Olúwa kò ní jẹ́ ká gbọ́ ìròyìn burúkú nípa rẹ. Ìyá rẹ kí ọ, ewúrẹ́ rẹ̀ ti bí ìbejì, ṣùgbọ́n akọ ń tiro díẹ̀.

Mo ti dé láti kóòtù Benin tí wọ́n pè mí sí lórí ọ̀rọ̀ tírélà tó kọlu bọ́ọ̀sì wa ní Ekiadolor lọ́dún tó kọjá. Ọmọ mi, ohun tí mo rí kọjá àfẹnusọ. Bíbélì, Kùránì àti irin kan wà lórí tábìlì kan ṣoṣo, wọ́n fara kanra, wọn kò sì jà! Akọ̀wé kóòtù ní kí n mú èyí tí mo fẹ́ fi búra. Mo ní kí wọ́n kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún mi kí òtítọ́ mi lè wúwo. Ògbufọ̀ ní ọ̀kan ti tó, pé èyí tí mo bá bẹ̀rù jù ni kí n mú, pé ìjọba kò ní ẹ̀sìn tirẹ̀. Àánú ìjọba ṣe mí. Bí orí bá ń fọ́ ọ, ta ní ń bá a gbàdúrà?

Mo fi Bíbélì búra. Ọkùnrin tó tẹ̀lé mi gbé Kùránì. Òun gan-an ló fà mí jáde lójú fèrèsé bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà, n kò mọ̀ pé Mùsùlùmí ni, nítorí kò bi mí bóyá mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kó tó nawọ́ sí mi. Awakọ̀ wa fẹnu kan irin. Adájọ́ sì fi bírò kan náà kọ ọ̀rọ̀ àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìwé kan náà! Ẹ̀rù Ọlọ́run bà mí, omi bọ́ lójú mi.

O mọ̀ pé èmi alàgbà ìjọ ni mo sọ pé Àkànní kò ní fẹ́ ọ nítorí pé ó ń kírun. Láti ìgbà tí mo ti dé, n kò rí oorun sùn dáadáa. Bí ìjọba tí kò ní ẹ̀sìn bá lè gba gbogbo wa láyè, kí ló dé tí èmi tí mo ní ẹ̀sìn kò lè ṣe é? Mo ti kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Kí Àkànní kó àwọn ẹbí rẹ̀ wá tọrọ ìyàwó.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí Jíbọ́lá káfíńtà bá wa tún ẹsẹ̀ tábìlì pálọ̀ ṣe, ó ti ń mì. Má fi sínú fóònù mi o, mo ti wò ó yí ká, kò sí ibi tí owó lè gbà jáde. Awakọ̀ ni kí o fi rán.

Ilé ọkọ yóò tù ọ́ lára, ọmọ kò ní wọ́n ọ. Mo ti gbé Bíbélì mi àti àdá mi sórí tábìlì náà. Sọ fún Àkànní kó mú Kùránì rẹ̀ dání, òun nìkan ló kù.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọlájídé