Palliative Tí Mo Kọ Sí Yín Kì Í Ṣe Ìrẹsì Ìjọba

Màámi àti Bàbá mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn. Mo kí Màmá Àgbà, mo sì kí Mosún, àbúrò mi. Orúkọ tí mo fi pe ara wa níbí kì í ṣe orúkọ wa, torí àwa ọmọ Yorùbá ní Hamburg ní ìwé kékeré kan tí a máa ń tẹ̀, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí lẹ́tà yìí jáde tí Mosún bá gbà. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ máa kà á. Ohun tí mo ṣe yìí, ẹlòmíràn lè máa ṣe é lọ́wọ́ báyìí.

Òjò ń rọ̀ ní Harburg, àdúgbò tí mò ń gbé ní Hamburg, láti ọjọ́ Ajé, òjò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí kò lágbára, tó sì kọ̀ tí kò dá. Ní Uni, yunifásítì wa, mo máa ń kọ gbogbo ohun tí olùkọ́ bá sọ, tí mo bá délé, n kì í mọ ohun tí mo kọ. N kò lọ́rẹ̀ẹ́ kan tí mo lè sọ ọ́ fún. Ẹ má bínú pé mo ń sọ̀rọ̀ òjò. Ọ̀rọ̀ tó kàn ló ń bà mí lẹ́rù.

Ẹ rántí pé nígbà tí jẹjẹrẹ inú eegun ẹsẹ̀ Mosún padà, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ àti gbogbo oògùn tó gbọ̀n irun orí rẹ̀ dànù, ẹ fi CD àyẹ̀wò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Dókítà obìnrin kan ní Hamburg bá mi wò ó, ó sì fara balẹ̀ ṣàlàyé. Ó ní àrùn náà ti dé inú ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì. Ká ní kókó rẹ̀ kò pọ̀ ni, wọn ìbá fi iṣẹ́ abẹ yọ wọ́n, àmọ́ wọ́n ti pọ̀ jù. Ó ní oògùn oníhóró kan wà tó lè dá a dúró fún ìgbà díẹ̀, pé kò lè lé e lọ, ó sì lè mú kí àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ máa bó. Wọ́n lè fi ìtànṣán mú ìrora ẹsẹ̀ náà rọlẹ̀. Ti oògùn tuntun tí wọ́n ṣì ń dán wò, ó ní òun ti bá wa béèrè, wọn kò lè gba ẹni tó ń gbé lókèèrè. Ó wá lo ọ̀rọ̀ kan, palliativ, ìyẹn ìtọ́jú tí wọ́n fi ń mú ara tu ẹni tí wọn kò lè wò sàn mọ́. Èmi kọ ọ́ sí yín lórí WhatsApp láìṣàlàyé, pé palliative ló kù tí wọ́n máa fún Mosún.

Màámi, ẹ bú sẹ́kún ayọ̀ lórí fóònù. Ẹ ní ìjọba Jámánì mà ṣeun o, pé palliative tiwa kì í ju ìrẹsì kóńgò mẹ́ta lọ, àwọn èèyàn á tún jà lé e lórí. Bàbá jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ òun ti rí ìtọ́jú ọ̀fẹ́ gbà. Mosún fi ohùn ránṣẹ́ sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní kí n bá òun béèrè bóyá wọ́n á fi òróró kún un, torí ìrẹsì lásán kò ṣeé jẹ.

N kò tún un ṣe. Mo ń sọ fún ara mi pé German mi kò tíì dáa tó, bóyá n kò gbọ́ dókítà yẹn yé. Irọ́ ni. Mo gbọ́ ọ. Ó rí mi lára pé mo jẹ́ kí Bàbá mi dúró níwájú ìjọ, kó máa dúpẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Dípò kí n sọ òtítọ́, mo gbọ́ ti Bùrọ́dá Fẹ́mi, ará ìjọ wa ní Hamburg níbí tó ní ṣọ́ọ̀bù tó ń kó ẹrù ránṣẹ́ sílé ní St. Georg. Òun ló sọ fún ẹ̀yin náà pé kílíníìkì aládàáni kan wà ní Berlin tí kì í kọ aláìsàn, tí Bàbá fi ń wá ẹni tó máa ra ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbẹ̀, ní Schöneberg. Ilẹ̀ ń dán, gbogbo ibẹ̀ ń ta sánsán. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun po kọfí fún mi. Ó ní àwọn á mú ara Mosún gbóná, àwọn á fa fítámìn sí i lára, ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ á sì lé àrùn náà. Mo bi í pé ọmọ mélòó tó ní irú jẹjẹrẹ yìí ló ti yè lọ́wọ́ wọn. Ó ní ọmọ kọ̀ọ̀kan ló yàtọ̀, ó sì bi mí ọjọ́ tí owó máa wọlé. Nígbà tí mo ń lọ, ó dá àpò ìwé tí CD wà nínú rẹ̀ padà fún mi. Téèpù tí mo fi lẹ ẹnu rẹ̀ ní Harburg ṣì wà níbẹ̀. Kò tiẹ̀ ṣí i wò.

Mo dúró ní ẹnu ọ̀nà wọn. Mo pe Bùrọ́dá, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà Ọlámidé, ìgbà wo lẹni tó ń kọ́ nípa ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í wo jẹjẹrẹ? Ó ní ọwọ́ ara mi ni mo fẹ́ fi dènà iṣẹ́ ìyanu àbúrò mi. Mo bi í pé èló ni wọ́n ń fún un lórí aláìsàn kan. Ó ní àbí mo rò pé ọ̀fẹ́ ni òun ń sáré kiri ni, ọmọdé ń ṣe mí. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí mi tó ń gbàdúrà fún wa. Mo ti fọ orí náà, ìríra ọwọ́ yẹn kò tíì lọ. Ìríra tèmi náà kò sì lọ, torí èmi ni mo kọ́kọ́ fún yín ní ìrètí tí kò sí.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ta ilẹ̀ fún àwọn wọ̀nyí. Dókítà obìnrin ti Hamburg yẹn ti kọ ìwé sí ọsibítù wa nílé nípa oògùn oníhóró yẹn, ìtànṣán, àti oògùn olómi tó lágbára fún ìrora. Ó ní ẹ má bẹ̀rù èyí tó kẹ́yìn yẹn, ẹ béèrè fún un. Ìbéèrè kan ló bi mí tí n kò lè dáhùn: kí ni Mosún fẹ́? Ó ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lè sọ bóyá òun fẹ́ oògùn tó máa bó òun lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀, tàbí kí wọ́n jẹ́ kí òun sinmi sílé. Kò sẹ́ni tó bi í nínú gbogbo wa.

Ẹ má ka lẹ́tà yìí fún un. Màá pè ní ọ̀sán Sátidé, èmi tí mo kọ́kọ́ kọ ọ́ ni màá sọ ọ́ fún un. Ẹ ṣáà jókòó tì í. Tí mo bá sọ tán, ẹ jẹ́ ká dákẹ́, kí òun náà sọ̀rọ̀.

Kí Ọlọ́run fún yín lókun. Kó má jẹ́ kí ìrora Mosún ju agbára rẹ̀ lọ. Ẹ bá mi kí Màmá Àgbà àti gbogbo ará ilé.

Èmi ni ọmọ yín, tí ẹ rán níṣẹ́, tó sì pẹ́ kó tó jẹ́ ẹ,
Ọlámidé.