Ọ̀nà Tí Ẹsẹ̀ Mi Kò Tẹ̀ Rí

                                        Ojúlé Kọkànlélógún,
                                        Òpópónà Akọ́gun,
                                        Ajégúnlẹ̀, Àpápá,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ Kejìlélógún, Oṣù Kẹwàá, 2024.

Ọlábímtán, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni Ìbàdàn? Adaobi ìyàwó rẹ ńkọ́? Ṣé oyún náà kò dà á láàmù mọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ń lọ sílé ìwé déédéé? Ọrùn tó ń dùn ọ́ lóṣù tó kọjá, ṣé ó ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀? Ní tèmi, ara le, ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé àlàáfíà ni mo wà. A kú ìrọ́jú Tega ọ̀rẹ́ wa. A kú àfẹ́kù ẹni rere.

Mo mọ̀ pé ẹnu máa yà ọ́ pé lẹ́tà ni mo kọ nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́ àwa méjèèjì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè ọ́ láti àná. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti gbọ́ ohùn rẹ, òjò àti ọ̀wọ́n oúnjẹ ni mo ń bi ọ́ léèrè. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò gba ẹnu mi jáde. Dẹ́rẹ́bà kan tó ń kó ẹrù láti Warehouse Road lọ sí Ìbàdàn ló máa mú ìwé yìí wá. Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé ọwọ́ ìwọ gan-an ni kó fi lé.

Níbi ìsìnkú, o sọ lójú gbogbo èèyàn pé ìwọ yóò gun kẹ̀kẹ́ ológeere rin ìrìn àjò abúlé dé abúlé tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ gbèrò, kí orúkọ Tega má bàa parun. O ní Satidé ọ̀sẹ̀ yìí lo máa gbéra, àti pé ìwé tí èmi àti Tega ya ọ̀nà sí, tó wà lọ́wọ́ rẹ, lo máa tẹ̀ lé. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú mi.

Jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ya ìwé náà fún ọ, torí ìwọ ti kó lọ sí Ìbàdàn nígbà náà. O mọ Tega àti kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ tó máa ń tú nínú kọ̀ǹténà, tó ń tún ṣe. Kò gba máàpù inú fóònù gbọ́ rárá. Ó ní máàpù kò mọ igi tó wó dí ọ̀nà. Yàrá méjìlélógún ló wà nínú ilé wa, ìlú tí àwọn ayálégbé ti wá sì lé ní mẹ́wàá, ló bá ń kan ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń béèrè ọ̀nà abúlé oníkálukú. Òfin kan ṣoṣo ló fún wọn: "Na road wey your own leg don waka I want. No give me wetin dem tell you." Usamah tó ń ránṣọ ní yàrá kẹta sọ tààrà pé wọn kò gbé òun dé ìlú bàbá òun rí. Ó rẹ́rìn-ín, ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ojú kò tì í.

Èmi ni ojú tì. Ṣé o rántí bí mo ṣe máa ń fọ́nnu nípa ìlú wa, lẹ́yìn Ìdànrè? Nígbà tí gbogbo ilé bá ń múra láti lọ ṣe Kérésì lábúlé, èmi náà á di báàgì mi. Ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Mushin ni mo máa ń lọ fara pa mọ́ sí. Bàbá mi bá ẹbí rẹ̀ jà kí wọ́n tó bí mi, kò sì fẹsẹ̀ kan ibẹ̀ mọ́ títí ó fi kú. Ìtàn nìkan ló fi sílẹ̀ fún mi: òkè, igbó dúdú, oríta tí igi ìrókò wà, afárá onígi tó wọ abúlé wọn. Ìtàn yẹn ni mo yà sínú ìwé fún Tega bí ẹni tó rìn ín lánàá. Ọlábímtán, n kò dé Ìdànrè rí láyé mi.

Inú Tega dùn. Ó ní ká kọ́kọ́ lọ yẹ ibẹ̀ wò kí ìrìn àjò gan-an tó bẹ̀rẹ̀, torí apá ibẹ̀ ló le jù. Mo mọ̀ pé bí a bá débẹ̀, kò sẹ́ni tó máa dá mi mọ̀, àṣírí mi á sì tú. Mo ní ọkọ̀ ojú omi kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀ ní èbúté tí mo ti ń ṣiṣẹ́, pé ọ̀gá mi kò fún mi láyè. Irọ́ ni. Ilé ni mo wà lọ́jọ́ náà, mo ń fọṣọ.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rèé. Tega dá lọ, ó sì pè mí láti inú igbó. Ó ní òun ti dé oríta, ṣé apá òsì ni àbí ọ̀tún? Bàbá mi kò sọ ìyẹn fún mi rí. Mo ní òsì. Lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú, ó tún pè, mo ń gbọ́ ariwo omi lẹ́yìn rẹ̀. "Akin, I don see the bridge o, but water dey top am. Na so e dey be?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí nígbà òjò, pé èmi fúnra mi ti gba orí rẹ̀ kọjá báyẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Correct man." Mo padà sídìí aṣọ mi.

O mọ ìyókù. Ọjọ́ kẹta ni àwọn àgbẹ̀ tó rí i nísàlẹ̀ odò, tí okùn báàgì ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ṣì lọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Gbogbo èèyàn ní òjò ló fà á. Èmi náà ní òjò ni.

Àná ni Màmá Tega ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà nígbà tí mo dé. Wọ́n ní kí n bá ọ lọ ní Satidé, kí n máa ṣíwájú, torí èmi ni mo mọ ọ̀nà, pé àwọn kò fẹ́ kí ìyá mìíràn tún sunkún. Mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí dórí ìpè kejì. Wọn kò pariwo, wọn kò gbá mi létí. Wọ́n kàn béèrè pé, "So na you tell am say make e cross?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà." Wọ́n dìde, wọ́n wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mo wà nílẹ̀ níbẹ̀ títí Omoefe, àbúrò Tega, fi ní kí n máa lọ. Kò wo ojú mi.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Òótọ́ ti bá tèmi, ṣùgbọ́n irọ́ náà ti pa èèyàn kó tó bá a. Ojú ń tì mí. Ẹ̀rù sì ń bà mí lórí ọ̀rọ̀ rẹ, torí mo mọ bí orí rẹ ṣe kunkun tó.

Jọ̀wọ́, fa ìwé yẹn ya. Láti Ìdànrè títí dé abúlé bàbá mi, kò sí ìlà kan níbẹ̀ tí mo mọ̀. N kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá abúlé náà ṣì wà. Má ṣe pè mí láti oríta kankan, torí n kò ní ìdáhùn.

Bá mi kí Adaobi, kí o sì ka lẹ́tà yìí sí i létí, kó lè dì ọ́ mú bí o bá fẹ́ lọ. Kí àwọn ọmọ fún mi. Bá mi kí Màmá rẹ pẹ̀lú, tí wọ́n máa ń pè mí lọ́mọ wọn.

O lè má gbé fóònù mi mọ́. O lè sọ fún gbogbo ayé pé o kò ní ọ̀rẹ́ kankan tó ń jẹ́ Akínsànyà. Mo fara mọ́ ọn. Ṣáà wà láàyè kí o kórìíra mi.

                                        Èmi ni tìrẹ, bí o bá ṣì fẹ́,
                                        Akínsànyà.