Ìdúpẹ́ Tí Mo Yára Ṣe

Olóòtú wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ní ìlú Oǹdó.

Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ìyàwó mi parí ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmú tí mo fi mú un lọ síwájú ìjọ fún ìdúpẹ́. Kò fẹ́, àmọ́ mo ti pe àwọn ènìyàn. Èmi ni mo jẹ́rìí pé àìsàn ti tán pátápátá. Láti ìgbà náà, bó bá ní ẹ̀rù ń ba òun, màá ní, "Ṣé o fẹ́ ba ẹ̀rí wa jẹ́ ni?"

Ló bá di pé ó máa ń ní òun ń lọ kí àbúrò òun ní Àkúrẹ́. Àbúrò náà ló wá tú àṣírí fún mi pé, nínú ọ̀wọ́n epo yìí, ọsibítù ló ń dá lọ fún àyẹ̀wò, á sì sunkún kó tó padà wálé.

Mo bẹ ìyàwó mi pé kó má bínú. Ó ní, "Tíṣà, ẹ̀yin lẹ dúpẹ́. Èmi ò tíì sunkún tán."

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló tún ń lọ, kò sì ní kí n bá òun lọ. Ṣé kí n bẹ̀ ẹ́ pé kó mú mi dání, àbí kí n kọ́kọ́ sọ fún ìjọ pé mo gba ẹ̀rí mọ́ ọn lẹ́nu? Ẹ̀yin tí ẹ ti gba irú ìtọ́jú yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.