Ẹni Tó Pẹja Ni Yóò Kọ́kọ́ Jẹ Ẹ́

Sátidé, 9 Jánúárì 1988. Ìjurin.

Akàn, ọkọ mi, ọyẹ́ àkọ́kọ́ rèé láti ìgbà tí ẹ ti kú. Ètè mi ti bó. Mo ń fi àdín pa á bí ẹ ti máa ń wí.

Wọ́n tún da oògùn kòkó, májèlé tí a fi ń pa kòkòrò, sí àbàtà láti fi pẹja. Ẹja léfòó, funfun báláú, láàárín àwọn igi ògùrọ̀. Àwọn ọmọdé ti ń ṣà á kí àgbà tó dé. Tàwàkálítù ará Ìkìrun, tó ń yan ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi, kọ̀, kò rà. Ó ní, "Ẹja tó kú kó tó rí ẹni tó pa á, èmi kọ́ ni n ó sin ín."

Ẹjẹmu, olóyè tí àbàtà wà lábẹ́ rẹ̀, ti sọ ọ́ fún gbogbo ìlú: bí irú èyí bá tún ṣẹlẹ̀, wọn yóò la kòtò kí omi ṣàn lọ, wọn yóò gé ògùrọ̀, wọn yóò fa ilẹ̀ náà lé àwọn tó fẹ́ kọ́lé lọ́wọ́. Ó ní ìjà orí ẹja olóògùn yóò parí. Omi kànga wa ńkọ́? Ibẹ̀ ló ti ń wá lẹ́ẹ̀rùn. Wọn kò rò ó débẹ̀.

Sọ́ńdè, 10/1

Ìwàásù gùn. Àbàtà ni mò ń rò. Ẹ̀yin ì bá ti rẹ́rìn-ín.

Wẹ́sidé, 13/1

Ìpàdé lágbàlá Ẹjẹmu. Mo dìde, mo sọ̀rọ̀. Orúkọ yín ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo sọ bí ìjọba ṣe rán yín lọ sétí òkun Ìlàjẹ láti ṣọ́ igbó inú omi iyọ̀, àwọn igi tí gbòǹgbò wọn dúró lórí omi bí ẹsẹ̀ alántakùn, tí ẹja ń yé ẹyin sí lábẹ́ wọn. Pé àwọn kan ń da májèlé síbẹ̀. Pé ẹ kò mú ọlọ́pàá lọ. Àwọn apẹja fúnra wọn lẹ bi léèrè. Àwọn ló gbé òfin kalẹ̀: ẹni tó pẹja, kó se díẹ̀ létí omi, kó jẹ ẹ́ lójú gbogbo ayé kó tó tà á. Ẹni tí kò bá lè jẹ ẹ́, kó gbàgbé omi náà títí di ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹjẹmu ní, "Ìyá Ayọ̀bọ́lá, òkun kò dé Ìjurin." Mo ní, "Bàbá, ikùn dé Ìjurin." Gèlè bọ́ lórí Tàwàkálítù níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín.

Wọ́n gbà. Ká wò ó.

Túsìdeè, 19/1

Ọlọ́runfẹ́mi adẹ́mu ló kọ́kọ́ jẹ. Ó jẹ orí, ó jẹ ìrù, ó tún lá ọbẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Sátidé, 23/1

Ó ń lọ dáadáa. Etí àbàtà ti di ibi àwàdà. Àwọn obìnrin ń gbé iyọ̀ àti ata wá — àwa ọmọ Ìjurin, àwọn tó wá láti Ọ̀ṣun, gbogbo wa. Tàwàkálítù ní bí òfin yìí bá pẹ́, àwọn ọkùnrin yóò jẹ ẹja tán, gbòǹgbò ni òun yóò máa yan. Kò tíì sí ẹja tó léfòó láti ọjọ́ ìpàdé. Mo mọ̀ pé yóò ṣeé ṣe. Mo mọ̀ ọ́n.

Moses wá tún òrùlé ilé ìdáná mi ṣe. Àbúrò mi yìí — òun ló gbé ibi orí pósí yín — ọ̀rọ̀ mi kò sú u rí láti ìgbà náà. Ó ní, "Àǹtí, ẹ ti sọ wá di ará Ìlàjẹ tán." Ẹnu ló fi rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ kò bá a ṣe é.

Wẹ́sidé, 27/1

Mo lá àlá yín. Ṣòkòtò ká sókè, ẹ ń fẹ̀gbẹ́ rìn nínú ẹrẹ̀ bí akàn.

Sátidé, 30/1

Èmi ni mo wà nídìí ìkòkò lónìí. Moses gbé ẹja dé, apẹ̀rẹ̀ kún dẹ́nu. Mo se díẹ̀, mo bù ú fún un. Ó ní òun ń gbààwẹ̀. Tàwàkálítù ní, "Ààwẹ̀ wo? Ta ló jẹ ẹ̀bà nílé mi láàárọ̀, àbí iwin rẹ ni?" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ẹjẹmu ń wò mí.

Akàn, ó dá mi lójú pé Moses kò lè da oògùn sómi. Mo ní, "Bó bá ń gbààwẹ̀, èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni n ó bá a jẹ ẹ́." Mo gbé ẹja náà dé ẹnu.

Ó gbá a bọ́ lọ́wọ́ mi. Àwo fọ́. "Ẹ má jẹ ẹ́, Àǹtí." Jẹ́ẹ́jẹ́ ló sọ ọ́. Kò sẹ́ni tí kò gbọ́.

Sọ́ńdè, 31/1

N kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Mọ́ńdè, 1 Fẹ́búárì

Ẹjẹmu pè wá. Moses jẹ́wọ́. Ìṣàn kékeré tó ń wọ àbàtà láti òkè ló da oògùn sí. Ó rò pé bí èmi bá wà nídìí ìkòkò, n ó jẹ́ kí òun kọjá.

Wọ́n ń retí kí n bẹ̀bẹ̀. N kò bẹ̀bẹ̀. Mo ní bí a ti wí i ni kó rí: kó má pẹja níbẹ̀ títí di ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn. Ẹjẹmu yíjú sí àwọn èèyàn. Ó ní, "Òfin tó mú ọmọ ìyá ẹni tó gbé e wá, òfin gidi ni. Ẹ fi àbàtà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má gé igi kankan."

Ó ní kí n yan ẹni tí yóò máa jókòó ti ìkòkò. Mo ní Moses. Ariwo sọ. Tàwàkálítù ní, "Ìyá Ayọ̀bọ́lá, ta ló ń fi ológbò ṣọ́ ẹja?"

Mo ní ẹni tó gba ikú lẹ́nu mi lójú gbogbo ìlú, kò ní gbé e sẹ́nu ẹlòmíràn.